Èènì Màmá

Màmá mi,

Ẹ kú ulé o. Òtútù Lọ́ńdọ̀nù ò tíì pa mí. Ẹ ní kí n sọ nípa iṣẹ́ mi: ilé ìtajà ńlá ni, alájà márùn-ún. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n fi mí sí, kí àwọn oníbàárà lè tètè rí mi. "Ra méjì, gba ọ̀kan lọ́fẹ̀ẹ́" ni wọ́n kọ sára pátákó tó wà lọ́rùn mi nínú fótò tí mo fi ránṣẹ́ sí yín. Atẹ́gùn ń fẹ́ sí mi dáadáa.

Ẹ rántí ilé ìtajà àwọn ará Èkó tó wá sí òpópónà wa ní Ìkẹ́rẹ́, tó ń fi abọ́ tánganran ta oníbàárà lọ́rẹ nígbà Kérésì? Ẹ̀yin, nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré yín, èènì gààrí lásán lẹ fi lé wọn lọ. Ṣọ́ọ̀bù tí wọn ò lè gbà lọ́wọ́ yín náà lẹ wá tà, kí n lè wá dúró síbí. Mo gbọ́ pé Wàhábì tó rà á ti sọ ọ́ di ilé tẹ́tẹ́. Ó káre láéé.

Ẹ bá mi kí gbogbo òpópónà. Bí wọ́n bá bèèrè mi, ẹ sọ pé ilé ìtajà ńlá ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ má fi èènì sí i.

Ọmọ yín,
Mojírádé