Awọ Tí Mo Bó Lára Kámẹ́rà

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ara mi le, ọkọ mi sì ń tọ́jú mi. Iṣẹ́ àtúnṣe kámẹ́rà àtijọ́ rẹ̀ ni mo ń bá a ṣe. Lánàá, mo bó awọ gbígbó kúrò lára ọ̀kan, mo lẹ tuntun pupa mọ́ ọn, kí inú ọkọ mi lè dùn. Àṣé nínù lásán ni baba tó ni ín fẹ́. Nígbà tó wá gbà á lónìí, ó pariwo mọ́ mi:

"Ìyàwó, ọwọ́ bàbá mi ló sọ awọ yẹn di gbígbó! Ó dà?"

Àwọn akólẹ̀ ti kó o lọ.

Baba náà ń padà bọ̀ wá bá ọkọ mi, tí kò tíì mọ̀. Ọkọ mi kì í lu èèyàn o, Màmá. Bí inú bá bí i, ó kàn máa ń dákẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta ni. Bàtà ọkọ mi ti ń dún lórí àtẹ̀gùn báyìí. Ẹ bá mi kí Bàbá, ẹ sọ fún wọn pé ẹ̀rín ni mò ń rín.