Ọ̀já Tí Ẹ Yá Gẹ̀lẹ̀dẹ́

Màmá mi àtàtà,

Ẹ kú ilé o, níbi yòówù kí ilé yín wà báyìí. Mo ti ríṣẹ́. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kékeré kan ní Ìlaròó ni mo ti ń ṣe ẹ̀ṣọ́. Mò ń wọ ṣòkòtò, mò ń de bẹ́líìtì, mo sì ń fi ojú lé àwọn ọmọ aláìgbọràn sẹ́yìn. Oríkunkun tí ẹ ní kò ní jẹ́ kí n rọ́kọ fẹ́, òun náà ni wọ́n torí ẹ̀ gbà mí síṣẹ́.

Yàrá Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni wọ́n fi mí sí. Ẹ mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ère tí Bàbá Ẹlẹ́fẹ̀ tó ń kọrin Gẹ̀lẹ̀dẹ́ àti àwọn èèyàn wọn fi tọrẹ ni, tòun ti aṣọ tó wà lára rẹ̀ láti ìgbà eré ìkẹyìn. Ọ̀já yín aláró wà níwájú rẹ̀ gan-an, wọ́n so ó mọ́ ọn láyà. Ọ̀já tí ẹ fi pọ̀n mí, tí ẹ fi pọ̀n àbúrò mi. Ẹ̀yin tí ẹ kì í pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ, kò sí ọdún tí àwọn ará Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wá yá aṣọ tí ẹ ní kò sí. Ẹ ní torí ìyá ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ṣe ń jó, ìyá sì lẹ̀yin náà.

Lọ́dún náà, nígbà tí eré parí, gbogbo obìnrin gba aṣọ wọn padà. Ẹ̀yin nìkan lẹ wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, ẹ ò sì dìde mọ́. Ẹ mọ àṣà wa: ọwọ́ ẹni tó yá Gẹ̀lẹ̀dẹ́ láṣọ ni wọ́n ń dá a padà sí. Wọn kì í fi rán ọmọ, wọn kì í fi rán ọkọ. Bí ọ̀já yín ṣe dúró sára ère nìyẹn, tó sì bá a dé ibi tí wọ́n ti ta okùn yí i ká.

Láti ọjọ́ tí mo ti wọ yàrá yẹn ni mo ti pinnu pé màá gbà á padà. Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ wà, Màmá. Mo lè tú u láàárọ̀ ọjọ́ kan kí ẹnikẹ́ni tó dé. Ṣùgbọ́n mi ò ní jí aṣọ ìyá mi. Mo fẹ́ kí wọ́n dá a padà, kí wọ́n sì dúpẹ́.

Ọjọ́ Ẹbí wá dé, ọjọ́ tí a máa ń ṣílẹ̀kùn fún tọmọdé tàgbà. Háà, èrò! Wọ́n wá láti Ayétòrò, wọ́n wá láti òdìkejì bọ́dà. Ọmọ kan tó ń sọ Faransé fẹ́ gun ẹṣin onígi. Mo ní "Nọ́n!", òun náà ní "Nọ́n!" padà fún mi, ìyá rẹ̀ sì ń yà wá ní fọ́tò. Ẹlòmíì da mínírà sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà ojú méjì kéré. Ọ̀gá wa, obìnrin tí kì í pariwo, ti kìlọ̀ láàárọ̀ pé ẹ̀ṣọ́ tó bá jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan nǹkan kan, kó máa lọ sílé.

Ìgbà náà ni Màmá Ìdógò wọlé, àbúrò yín, tàwọn ti ìyàwó àbúrò mi. Ọmọ wà lẹ́yìn ìyàwó. Màmá, ẹ jẹ́ kí n sọ eléyìí jẹ́jẹ́: obìnrin ni, lẹ́yìn tí ẹ lọ ló dé, Yétúndé la sì sọ ọ́.

Màmá Ìdógò ò tiẹ̀ kí mi. Wọ́n gbé okùn sókè, wọ́n bẹ̀rẹ̀ kọjá lábẹ́ rẹ̀, wọ́n nawọ́ sí ibi tí wọ́n ti so ọ̀já. Mo sáré bọ́ sáàárín àwọn àti ère.

"Kúrò lọ́nà. Ẹni tó ni ọ̀já ti wá gbà á. Ṣé o ò rí i lẹ́yìn ìyá ẹ̀ ni?"

"Mo rí i, Màmá. Ẹ ṣáà jọ̀ọ́, ẹ má tú u."

"Ṣebí ọwọ́ ẹni tó yá a ni wọ́n ń dá a padà sí? Ọwọ́ ẹ̀ rè é!" Wọ́n fa ọwọ́ kékeré náà yọ lẹ́yìn ìyàwó, wọ́n nà án sí mi.

Àwọn ọmọdé ti ń wojú ara wọn, bóyá okùn ọ̀hún ti di ohun tí èèyàn lè kọjá. Òótọ́ lọ́rọ̀ Màmá Ìdógò. Bí mo bá ní irọ́ ni, mo ti pe orúkọ ọmọ wa nírọ́. Bí mo bá sì yà fún wọn, wọ́n á ní ẹbí ẹ̀ṣọ́ ló wá jí aṣọ ère lọ́sàn-án gangan. Mo kúnlẹ̀ tèmi ti bẹ́líìtì mi, mo fi orúnkún méjèèjì dí ọ̀nà.

"Ẹ bá mi wí bó bá ṣe wù yín, Màmá, mi ò ní kúrò. Bàbá Ẹlẹ́fẹ̀ tó gbà á lọ́wọ́ ìyá mi ló máa tú u. Màá sì rí i pé wọ́n tú u."

Màmá Ìdógò ní mo ti di ti ìjọba. Wọ́n jáde, ìyàwó tẹ̀ lé wọn, Yétúndé sì bú sẹ́kún. Ẹkún yẹn dùn mí wọra. Ṣé ẹ̀yin lẹ ń sunkún? Ṣé ẹ bínú sí mi ni? Mo dúró síbẹ̀ títí a fi tilẹ̀kùn, mò ń sọ fún àwọn ọmọ ọlọ́mọ pé kí wọ́n má fọwọ́ kan aṣọ yẹn, mi ò sì sọ fún ẹnì kankan pé ti ìyá mi ni.

Nígbà tí èrò túká, mo lọ bá ọ̀gá, mo rò ó fún wọn láìfi ìkankan pa mọ́. Ọ̀gá ní aṣọ ti di ti ère. Mo ní àyálò ni, a kì í fi ohun àyálò tọrẹ. Ọ̀gá ní àfi kí àwọn béèrè lọ́wọ́ àwọn tó wà lókè, ní Abẹ́òkúta. Láti ìgbà náà, gbogbo ọjọ́ Ajé ni mò ń kan ilẹ̀kùn ọ̀gá. Mo lọ bá Bàbá Ẹlẹ́fẹ̀ nílé, àwọn náà sì wá fẹnu ara wọn sọ ọ́. Ó dé ibì kan tó jẹ́ pé bí ọ̀gá bá ti rí mi lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n á mí kanlẹ̀. Mo ṣáà ń kan ilẹ̀kùn.

Àná ni àwọn tó wà lókè gbà. Mo ránṣẹ́ pe Màmá Ìdógò, àwọn àti ìyàwó àbúrò mi sì gbé Yétúndé wá. Bàbá Ẹlẹ́fẹ̀ ṣan ọwọ́ wọn, wọ́n rọra tú ọ̀já náà. Màmá Ìdógò bọ́ ìborùn tiwọn, wọ́n ní kí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ kí àyà ère má ṣòfo. Mo nawọ́ láti gbà á. Bàbá ò tiẹ̀ wò mí. Ọ̀dọ̀ Yétúndé ni wọ́n lọ, wọ́n sì tẹríba fún un.

"Ẹ ṣeun, ìyá wa. Aṣọ yín rè é. Ẹ má bínú pé ó pẹ́ lọ́wọ́ wa."

Ọmọ gbá a mú, ó tì í bọ ẹnu. A rẹ́rìn-ín títí. Ibi tí mo ti ń rẹ́rìn-ín ni ẹkún ti gbé mi.

Màmá Ìdógò ló gbé ọmọ lé mi lẹ́yìn, àwọn ló tún ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe, wọn ò sì sọ nǹkan kan. Mo fi ọ̀já yín gbà á, mo so ó níwájú. Yétúndé wúwo ju bí mo ṣe rò lọ. Ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé aṣọ iṣẹ́ mi, ó ń mí. Mi ò wá mọ ibi tí mò ń kọ lẹ́tà yìí sí mọ́, bóyá ibojì ni àbí ẹ̀yìn ara mi. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, Màmá, ẹ sùn. Èmi ni mò ń ṣọ́ yín báyìí.

Èmi ni,
ọmọ yín olóríkunkun tó fẹ́ràn yín.