Ẹ̀rọ Tó Dákú Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá Rẹ

Àkọ́bí mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìrọ́jú. Ṣé ara rẹ le? Ṣé o ń jẹun bó ti yẹ? Ẹni tó dá ọ kò ní gbàgbé rẹ o. Ara bàbá rẹ ti ń yá, nítorí náà má ṣe jẹ́ kí àyà rẹ já bí o ti ń ka èyí.

Ọjọ́ tí o sọ fún mi lórí fóònù pé iṣẹ́ yín ni kí ẹ máa pa èyí tó bá ń ṣe wèrè nínú àwọn ará inú kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì tún jí i dìde kí àwọn yòókù tó mọ̀, ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo ní ọmọ mi ti di apànìyàn. Bí àwọn aládùúgbò bá bi mí pé iṣẹ́ wo lo ń ṣe, mo máa ń ní o ń ta bàtà.

Àfi ìgbà tí èémí bàbá rẹ kò já gaara mọ́, tí a gbé e dé ọsibítù, tí wọ́n so ó mọ́ ẹ̀rọ kan tó ń bá a mí. Mo jókòó tì í, mo ń wo àwọn ìlà wínníwínní tó ń sáré lójú ẹ̀rọ náà. Lójijì, ojú ẹ̀rọ ṣókùnkùn! Mo figbe ta, mo dì mọ́ ẹsẹ̀ bàbá rẹ, mo ní ó ti tán. Ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ ṣì ń lọ sókè, ó ń bọ̀ wálẹ̀. Kí nọ́ọ̀sì tó wọlé, ojú ẹ̀rọ ti là, ó ti ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ láti ibi tó dé.

Nọ́ọ̀sì ní apá tó ń ya ìlà yẹn ló ṣubú, pé yàrá ọ̀tọ̀ nínú ẹ̀rọ náà ni apá tó ń bá bàbá rẹ mí wà, kò tilẹ̀ gbọ́. Ó ní ẹ̀ṣọ́ kan wà nínú rẹ̀ tí kì í sùn, òun ló gbé e dìde. Mo bi í pé ṣé wọ́n kọ́kọ́ pa á ni, ó rẹ́rìn-ín, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Háà! Iṣẹ́ ọmọ tèmi nìyí! Mo kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀rọ náà, mo kí gbogbo ará inú rẹ̀ kú iṣẹ́, yàrá kọ̀ọ̀kan, n kò fo ọ̀kan. Mo sì ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé o kò ta bàtà mọ́.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra aṣọ ìborí fún ẹ̀rọ náà. Mo fọwọ́ kàn án, ara rẹ̀ tutù nini, bàbá rẹ nìkan ni wọ́n sì fi aṣọ bò.

Ohun kan ni n kò ráyè bi nọ́ọ̀sì: bí ẹ̀ṣọ́ yẹn fúnra rẹ̀ bá ṣubú ńkọ́? Ohùn bàbá rẹ kò tíì jáde dáadáa, síbẹ̀ ó ní kí n bi ọ́ léèrè bóyá o ń sinmi, torí ohùn rẹ ń dún bí ohùn ẹni tó ti rẹ̀ lórí fóònù. Bó bá rẹ̀ ọ́, ọmọ mi, wá sílé. Mo ti gbá yàrá rẹ.

O kò ní ṣubú gbé láṣẹ Olúwa. Bí o bá sì kọsẹ̀, mo wà níbí, n kò sùn.

Ìyá rẹ.