Àbàwọ́n Ara Ẹ̀wù Jímọ̀

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Wọ́n ti dá Jímọ̀ sílẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ìyẹn ná, nítorí ẹ mọ̀ pé bí mo bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ó máa ń pẹ́ kí n tó dé ibi tí mo ń lọ. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, èyí tó wà ní Èkó, ló dá a sílẹ̀. Adájọ́ márùn-ún ló jókòó, ẹnu gbogbo wọn sì kò. Láti ìgbà tí mo wà ní kíláàsì kejì ní girama ni Jímọ̀ ti ń dúró de ọjọ́ tí wọ́n máa yẹgi fún un. Ó ti jáde báyìí, ó ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ bá àwọn ènìyàn rẹ̀.

Inú yàrá tí àwa mẹ́rin ń gbé ní yunifásítì ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí. Òfin ni mo ń kọ́, Màámi. Ẹ kò mọ̀, nítorí ẹ ti lọ kí ìwé ìgbaniwọlé tó dé. Ọdún kìíní ni mo wà, ọkàn mi kò sì tíì balẹ̀. Bí olùkọ́ bá pe orúkọ mi, ohun tí mo kà mọ́jú á fò lọ. Àwọn ọmọ lọ́yà pọ̀ láàárín wa, tí Gẹ̀ẹ́sì yọ̀ lẹ́nu wọn. Èmi ṣì máa ń to ọ̀rọ̀ jọ nínú kí n tó la ẹnu, nígbà tí mo bá sì fi máa tò ó tán, wọ́n á ti kúrò níbẹ̀. Ìgbà mìíràn mo máa ń bi ara mi pé ta ló rán mi níṣẹ́ yìí. Ṣé ẹ̀yin ni?

Ẹ̀dà ìdájọ́ náà dé sí láíbìrì wa, mo sì kà á lórí ìdúró. Mo ń wá ibi tí wọ́n ti máa dárúkọ yín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí mo ṣe rántí rẹ̀, kí ẹ lè mọ̀ pé n kò gbàgbé. Bùsáyọ̀, ọmọ kan ṣoṣo tí àbúrò yín bí, ọmọ ọdún méje, lọ pọn omi lójú ọ̀nà oko Aládé, kò sì padà. Etí odò ni wọ́n ti rí i, pẹ̀lú ọgbẹ́ lórí. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ẹ̀yin, Jímọ̀ àti àwọn lébìrà méjì mìíràn fọ́ kòkó lóko wa. Jímọ̀ kúrò lóko kí oòrùn tó wọ̀. Nígbà tí ọlọ́pàá dé ahéré rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, wọ́n bá ẹ̀wù funfun òkìrìkà rẹ̀ lórí okùn, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ọ́, àbàwọ́n pupa rúsúrúsú sì wà ní àyà rẹ̀. Ó ní kòkó ni. Ó ní ẹ̀wù kan ṣoṣo tí òun ní nìyẹn, òun sì fọ̀ ọ́ nítorí pé ọjọ́ kejì ni Jímọ́ọ̀, òun fẹ́ lọ kírun. Gbogbo ìlú ní, kí ni ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ń fọ aṣọ sí lọ́jọ́ tí ọmọ kú? Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ràn Bùsáyọ̀, mo sì fẹ́ kí wọ́n yẹgi fún ẹnìkan.

Ẹ̀yin wá ní ẹ máa lọ jẹ́rìí gbe Jímọ̀.

Ìró oko yín, èyí tí ẹ ró lọ́jọ́ ìfọ́kòkó yẹn, ni ẹ ró lọ sí kóòtù ní Àkúrẹ́. Mo tẹ̀lé yín nítorí pé a wà ní ọlidé. Gbogbo ènìyàn ló múra bí ẹni ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀yin nìkan lẹ wọlé pẹ̀lú aṣọ alábàwọ́n. Mo jókòó sí ìlà tó kẹ́yìn kí wọ́n má baà mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ bí mi. Èdè Ìdànrè wa lẹ fi sọ̀rọ̀, ògbufọ̀ tó jẹ́ ará Ọ̀yọ́ sì ń làágùn. Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ yíjú sí i pé, “Mo ti sọ ju ìyẹn lọ, sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn.”

Lọ́yà ìjọba bi yín pé, “Ìyá, ṣé dókítà ni yín?”

“Rárá.”

“Ṣé ẹ tilẹ̀ kàwé?”

“N kò kàwé. Aṣọ ni mo máa ń fọ̀.”

“Báwo lẹ ṣe wá mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ló wà lára ẹ̀wù yìí?”

“Ọmọ mi, obìnrin ni mí. Láti ìgbà tí mo ti di ọmọge ni mo ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ lára aṣọ. Bó bá ṣì tutù, omi tútù àti ọṣẹ á mú un lọ. Ṣùgbọ́n omi kòkó, bí ẹ gbé e lọ sódò Ọ̀wẹnà, tí ẹ kó gbogbo ọṣẹ ọjà lé e lórí, ibẹ̀ ni yóò wà. Ẹni tó bá fọ ẹ̀jẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ta sí i láṣọ, ẹ kò ní bá nǹkan kan níbẹ̀ láàárọ̀. Ẹ wo ìró mi.”

“Ìró yín kọ́ ló ń jẹ́jọ́ níbí, Ìyá.”

“Mo mọ̀. Ẹ wọ aṣọ funfun ọrùn yín yẹn wá bá wa fọ́ kòkó lọ́jọ́ kan, kí ìyàwó yín wá sọ fún wa bó ṣe mọ́ sí.”

Kóòtù rẹ́rìn-ín. Ara lọ́yà gbóná. Ó bi yín bóyá ẹ lè búra pé Jímọ̀ kọ́ ló pa ọmọ náà.

Ẹ wá ní, “N kò lè búra sí ohun tí n kò rí. Ibi tó lọ lẹ́yìn tó kúrò lọ́dọ̀ mi, n kò mọ̀. Ọmọ àbúrò mi lọmọ yẹn, èmi ni mo wẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Kòkó ni mo mọ̀, kòkó ni mo sọ.”

Adájọ́ kò gbà yín gbọ́. Ó ní obìnrin oko tí kò kàwé kò lè mọ ìyàtọ̀ ẹ̀jẹ̀, ó sì dá ẹjọ́ ikú fún Jímọ̀. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn náà tì í lẹ́yìn. Láàárín gbogbo ọdún yẹn, Ìyá Bùsáyọ̀, àbúrò yín, kò kí yín mọ́. Ìta kan náà lẹ jọ ń lò ní Òdòde, orí àpáta kan náà lẹ jọ ń sá kòkó, ìjọ Aládùúrà kan náà lẹ sì jọ ń lọ. Tí ẹ bá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n á sún kúrò. Ẹ̀yin kò sún síbì kankan. Ẹ máa ń fi ẹsẹ̀ yí kòkó lórí àpáta, ẹ máa ń mú hóró kan, ẹ máa ń fọ́ ọ lẹ́bàá etí láti gbọ́ bóyá ó ti gbẹ. Bí mọ́tò Àkúrẹ́ bá dé, ẹ máa ń bi awakọ̀ pé ṣé ẹjọ́ ti yá. Lọ́jọ́ kan mo rí i tí ẹ ń di ọṣẹ dúdú sínú ewé, kí wọ́n bá yín mú un dé ọgbà ẹ̀wọ̀n fún Jímọ̀. Inú bí mi débi pé n kò jẹun yín lọ́jọ́ náà.

Ohun kan wà tí n kò lè bi yín nígbà tí ẹ wà láyé. Lọ́jọ́ ìbẹ̀wò nílé ìwé wa, nígbà tí àwọn ọmọ kíláàsì mi ń pè mí ní Ọmọ Ìyá Oníkòkó, mo sọ fún wọn pé alájọgbé wa ni yín. Ẹ̀yìn fèrèsé lẹ wà pẹ̀lú abọ́ dòdò. Ẹ wọlé, ẹ gbé abọ́ kalẹ̀, ẹ ní kí n má jẹ́ kó tutù. Ṣé ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ, Màámi? Ẹ kò dúró pẹ́ lọ́jọ́ náà.

Ìdájọ́ tí mo kà ní láíbìrì sọ pé kò sí ẹnikẹ́ni tó yẹ ẹ̀wù náà wò láti mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ ni. Ó ní ẹnì kan ṣoṣo ló sọ ohun tí àbàwọ́n náà jẹ́ láti inú ìmọ̀ iṣẹ́ rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó já a nírọ́. Wọ́n wá kọ ọ̀rọ̀ yín sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, omi tútù, ọṣẹ, odò Ọ̀wẹnà, gbogbo rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ lọ́yà wọ̀nyẹn yọjú láti èjìká mi, ó kà á, ó ní, “Obìnrin yìí gbóyà o. Ta ni?”

Mo ní, “Ìyá mi ni.” N kò to ìyẹn nínú kí n tó sọ ọ́.

Ní Sátidé, mo wọkọ̀ wá sílé láti ka ìwé náà fún Ìyá Bùsáyọ̀. Ẹ̀rù bà mí. Mo bá wọn lórí àpáta níbi tí wọ́n ti ń sá kòkó, mo sì ń túmọ̀ rẹ̀ bí mo ṣe ń kà á. Wọn kò sunkún. Nígbà tí mo kà á tán, wọ́n wọlé, wọ́n gbé sùtánà funfun tí wọ́n ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì jáde, wọ́n sì fi eyín já òwú etí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àbàwọ́n kòkó kan wà nínú ibi tí wọ́n ká, ó pupa rúsúrúsú. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ funfun báláú.

Wọ́n ní, “Omi kòkó ni mo ta síhìn-ín. Ẹ̀jẹ̀ adìẹ ni mo ta sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ dá ẹjọ́ yẹn ni. Kò sí nǹkan funfun mìíràn nílé mi. Mo ṣe é kí n lè bọ́ síta kí n pe ẹ̀gbọ́n mi ní òpùrọ́. Mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta.”

“Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún Màámi?”

“Tí mo bá sọ ọ́, ta ló wá pa ọmọ mi? Mo fẹ́ ní ẹni tí màá máa bínú sí.” Wọ́n wò mí. “Ìwọ tó ń kọ́ òfin, ta ló pa á?”

Mo ní n kò mọ̀.

“Ìyá rẹ náà sọ bẹ́ẹ̀,” ni wọ́n wí, wọ́n sì padà sídìí kòkó.

Ẹ ṣì wà láyé nígbà tí wọ́n ti mọ̀, Màámi. Ó dùn mí pé ẹ kò gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹ kò dúró de ẹnikẹ́ni kí ó sọ fún yín pé òótọ́ lẹ sọ.

Mo sùn sílé lọ́jọ́ náà, mo sì bá wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀. Wọn kò rán etí sùtánà náà padà. Ó wọ́ sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ wọn, àbàwọ́n náà sì hàn kedere láàárín gbogbo funfun yẹn. Ìyá ìjọ dá wọn dúró lẹ́nu ọ̀nà pé, “Ìyá Bùsáyọ̀, kí ló ta sí yín láṣọ? Ẹ kò rí ọṣẹ ni?”

Wọ́n ní, “Kòkó ni. Kì í lọ.” Wọ́n wọlé, wọ́n sì lọ jókòó sí orí bẹ́ǹṣì tí ẹ máa ń jókòó sí.

Lọ́la, olùkọ́ yóò pe orúkọ mi. Bí mo bá mọ̀ ọ́n, màá sọ ọ́. Bí n kò bá mọ̀ ọ́n, màá sọ pé n kò mọ̀. Ọ̀dọ̀ yín ni mo ti kọ́ ọ, kí n tó mọ̀ pé òfin ni.

Ẹ sùn ire lábẹ́ àpáta wa, ẹ̀yin tí mo fẹ́ràn.

Èmi ni,
Ọmọ Ìyá Oníkòkó.