Ẹ̀rọ Òkun Tó Wà Lẹ́yìnkùlé Wa

Àkọ́bí mi, ọmọ tó sọ mí di bàbá,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé àwọn tẹ́ ẹ jọ ń gbélé kì í yọ ọ́ lẹ́nu? Ẹsẹ̀ ayọ̀ tó o fi jáde nílé wa ni wàá fi wọlé padà. Ìyá rẹ kí ọ. Kò sọ pé kí n kí ọ o, àmọ́ mo mọ̀ pé ó kí ọ. Tíṣà tó máa ń bá mi kọ lẹ́tà ní kí òun wá, mo ní rárá, ọwọ́ ara mi ni mo fẹ́ fi kọ èyí, torí náà bó o bá rí i tí ọ̀rọ̀ ń rìn bí akàn lórí ìwé, má bínú.

Ilé ò dùn. Ewúrẹ́ dúdú bí ìbejì, ìròyìn ayọ̀ tó wà ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí àbúrò rẹ ti wọ òkun tí a ò rí i. Ọkọ̀ òfo rẹ̀ ni àwọn ẹ̀ṣọ́ orí omi rí fà wálé, wọ́n ní kò sí níbi tí ọ́fíìsì ojú ọjọ́ yín ní kí àwọn wá a sí, omi ti wọ́ ọ lọ jìnnà. Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kú yá ju ọmọ ẹni nù lọ. Láti kékeré ni mo ti ń pa òwe yẹn, mi ò mọ̀ pé ó máa ń dun èèyàn tó báyìí.

O wá pè mí lánàá tẹkúntẹkún. O ní o máa fiṣẹ́ sílẹ̀, pé ìwọ lo ṣírò ìgbì àti afẹ́fẹ́ àárọ̀ ọjọ́ náà tí wọ́n fi kọ̀wé sí wa pé òkun rọ̀, ìwọ náà lo tún júwe ibi tí ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́ máa wá a sí. O ní o ò lè wo ojú ìyá rẹ, o ò ní wálé mọ́. Ọmọ mi, jókòó kó o tó ka ìyókù.

Ṣé o rántí ẹ̀rọ yẹ́lò tó ń léfòó níwájú èbúté wa, tó ní iná lórí? O ní ojú ọ́fíìsì yín lórí omi ni, pé ó ń wọn bí ìgbì ṣe ga àti ibi tí omi ń ṣàn sí, òun ni àwọn ẹ̀ṣọ́ fi ń mọ ọ̀nà tí ọkọ̀ olè lè gbà àti ibi tí omi á gbé ẹni tó sọnù lọ. Mo fi yangàn ká gbogbo èbúté. Nígbà tí àwọn olè orí omi wá bẹ̀rẹ̀ sí í jí ẹ́ńjìnnì àti àwọ̀n, mo ní háà, wọ́n á jí ẹ̀rọ ọmọ mi! Èmi àti káfíńtà àti àbúrò rẹ fi ayùn irin gé ṣéènì tó so ó mọ́ ìsàlẹ̀ òkun, a wọ́ ọ wálé, a gbé e sẹ́yìnkùlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Mò ń nù ún láràárọ̀. Iná rẹ̀ kì í yé ṣẹ́jú, ni mo bá fi ògbólógbòó ìró ìyá rẹ bò ó kó lè sinmi.

O pè nígbà náà, o ní ó jọ pé ẹ̀rọ náà ti kúrò láyè rẹ̀, ṣé mò ń rí i. Mo ní mò ń rí i kedere, nǹkan kan ò ṣe é. Mi ò purọ́ o, iwájú mi ló wà. Mi ò sọ pé ó ti dé ilé torí mo fẹ́ kó o wá bá a, kó o rí bí bàbá rẹ ṣe tọ́jú nǹkan rẹ. O sì lọ sọ fún ọ̀gá rẹ pé kó fọkàn balẹ̀, bàbá rẹ ń ṣọ́ ọ.

Ẹni tó máa ń fi ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ránṣẹ́ sí fóònù mi láti ọ́fíìsì yín, mo máa ń dá a lóhùn, mo máa ń béèrè àwọn ọmọ rẹ̀, kò kí mi padà rí. Mo ti kà á sí aláìlẹ́kọ̀ọ́. Lọ́jọ́ náà ó ní òkun rọ̀. Èmi ni mo kà á sí àbúrò rẹ létí. Ó wo ojú ọ̀run, ó ní Bàbá, kùrukùru yìí ò tẹ́ òun lọ́rùn. Mo bi í pé ṣé ó gbọ́n ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé àwọ̀n rẹ̀, ó lọ.

Lánàá, lẹ́yìn tó o sunkún tán, mo bi tíṣà pé báwo ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣe ń mọ̀ pé ìgbì wà. Ó ní tí ìgbì bá gbé e sókè ló máa mọ̀. Mo lọ dúró tì í lẹ́yìnkùlé. Kí ló fẹ́ gbé e sókè níbẹ̀, ewúrẹ́? Kì í ṣe òkun ló rọ̀, ọmọ mi. Ẹ̀yìnkùlé wa ló rọ̀.

Ìṣirò rẹ ò ní àbùkù. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe ara mi. Má fiṣẹ́ sílẹ̀, fi lẹ́tà yìí han ọ̀gá rẹ, kó wá mú mi tó bá fẹ́.

Ọ̀rọ̀ tún wọlé sórí fóònù láàárọ̀ yìí, ó ní òkun rọ̀. Mo dá a lóhùn, mi ò kí i. Mo ní irọ́ ni, ọmọ mi ṣì wà nínú rẹ̀. Mo wá sáré lọ sí èbúté, mo ń pariwo pé kí ẹnikẹ́ni má lọ. Jọ̀ọ́, fi owó ránṣẹ́ sí mi, owó ṣéènì tuntun àti ti epo ọkọ̀, ká tètè dá ẹ̀rọ náà padà sórí omi kí ọmọ ẹlòmíì tó lọ. Kó o sì wálé. Ìyá rẹ ò tíì mọ̀, mi ò lè dá sọ fún un.

Ọlọ́run á dá ọ sí fún wa. Ohun tó o bá fi ìfẹ́ ṣe ò ní pa ọ́ lẹ́kún.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.