Ọ̀gá Méjì Nínú Kọ̀ǹpútà Kan, àti Ohùn Ìyá Rẹ

Àkọ́bí mi, ọmọ tí mo fi ń yangàn lójú àwọn oníbàárà,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú wàhálà, mo kí ọ kú ìlú ńlá tí ẹnikẹ́ni kì í kí ẹnikẹ́ni. Gbogbo ilẹ̀kùn tí o bá kàn níbẹ̀ yóò ṣí fún ọ. Èyí tí kò bá sì ṣí, kí o rántí pé káfíńtà ni bàbá rẹ, màá wá tú u.

Ara gbogbo wa le níbí. Òrùlé ṣọ́ọ̀bù ṣì ń jò níbi tó ti ń jò tẹ́lẹ̀, kò tíì wá ibòmíràn kún un. Ìdí tí mo fi kọ lẹ́tà dípò kí n pè ọ́ ni pé mo ti kíyè sí i pé tí a bá ti sọ̀rọ̀ tán lórí fóònù, ọ̀rọ̀ náà kì í kù sílẹ̀ fún mi, mi ò sì mọ ibi tó ń lọ. Èyí tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe èyí tó yẹ kó sọnù.

O mọ̀ pé mo ti di akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìn-ín-ní ní ilé-ẹ̀kọ́ àgbà, torí àwọn oníbàárà kò fẹ́ kí n máa fi ṣọ́ọ̀kì ya àga fún wọn lórí pákó mọ́, wọ́n ní àwọn fẹ́ rí i lójú kọ̀ǹpútà kí n tó gé igi. Èmi ni mo dàgbà jù ní kíláàsì, èmi náà ni ẹ̀rù ń bà jù. Bí Tíṣà bá béèrè ìbéèrè, ilẹ̀ ni màá máa wò, bí ẹni tí ìṣó já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà mìíràn mo máa ń rò ó pé bóyá torí pé èmi ni mo kan àwọn bẹ́ǹṣì wọn ni wọ́n ṣe gbà mí.

Tíṣà wá ṣàlàyé fún wa pé nínú kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan, ètò kan wà tó jẹ́ ọ̀gá, òun ló ń pàṣẹ fún àwọn yòókù. Ó ní iṣẹ́ yíya àwòrán tí wọ́n máa fi dán wa wò kì í gbọ́ràn sí ọ̀gá tó wà nínú kọ̀ǹpútà tí o fi sílẹ̀ fún mi, ọ̀gá mìíràn ló mọ̀. Ó ní ká má lé ti àkọ́kọ́ o, ká kàn pín àyè inú rẹ̀ sí méjì, kí àwọn méjèèjì máa gbé ibẹ̀ láìjà. Mo ní ọ̀gá méjì nínú ṣọ́ọ̀bù kan kẹ̀? Èmi àti ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kò lè pín ayùn kan lò láìbínú.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló gba oorun lójú mi. Ohùn ìyá rẹ ni. O rántí ọjọ́ tí o ń dán ẹ̀rọ náà wò, tó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ láìjẹ́ pé ó mọ̀, níbi tó ti ń sọ pé bàbá rẹ ti tún ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, eruku pákó ti kún inú ilé òun, ṣé òun ni yóò máa bá a tì í títí ayé ni? Ó wá pòṣé, ó sì rín ẹ̀rín kékeré. Láti ìgbà tó ti fi wá sílẹ̀, mi ò lè parí iṣẹ́ láìkọ́kọ́ gbọ́ èébú mi. Kò sì sí ibòmíràn láyé tí ohùn yẹn wà.

Nígbà tí Tíṣà ní ká tó fọwọ́ kan nǹkankan, kí oníkálukú ṣe ẹ̀dà ohun tí kò bá fẹ́ pàdánù, kó sì tọ́jú rẹ̀ síbi tí kì í ṣe inú kọ̀ǹpútà yẹn, ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo pe ayàwòrán àdúgbò wa, ó fi kámẹ́rà ya gbogbo fọ́tò wa tó wà nínú rẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà níkọ̀ọ̀kan. Ti ohùn ló ṣòro. Mo pe àbúrò ìyá rẹ tó ń ránṣọ, mo pe onígbàjámọ̀ tó wà lódìkejì wa, mo ní kí wọ́n jókòó kí wọ́n kọ́ ọ sórí. Àǹtí rẹ ní ṣé orí mi pé. Mo ní Tíṣà ló sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n kọ́ ọ, wọ́n mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rín ìparí yẹn nìkan ni ẹnikẹ́ni kò rí rín. Ní báyìí, oníbàárà kò lè wọ ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kó má ti ilẹ̀kùn, kíá ni yóò ti bi í bóyá òun ni yóò máa bá a tì í títí ayé.

Lẹ́yìn náà ni mo mú téèpù, mo wọn kọ̀ǹpútà náà, mo sì fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí i lẹ́yìn, kí ọ̀gá tuntun lè mọ ibi tí ti òun dé. Mo fi apá tó pọ̀ jù sílẹ̀ fún ti àkọ́kọ́, nítorí àgbà ni. Mo gbá eruku, mo so ó mọ́ iná mànàmáná kó má bàa kú láàárín iṣẹ́, mo ti fúláàṣì, ẹ̀rọ kékeré bí ìka tí Tíṣà kó ọ̀gá tuntun sí, bọ̀ ọ́ nínú. Kọ̀ǹpútà wá bi mí bóyá kí ọ̀gá tuntun nu gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ kúrò, tàbí kó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Igi gogoro má gún mi lójú! Mo kà á, mo tún un kà, mo pe ayàwòrán kó bá mi kà á. Sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni mo tẹ̀.

Ọ̀gá tuntun dé, ojú rẹ̀ mọ́ rekete. Mo wá ìyá rẹ, mi ò rí i. Mo wá fọ́tò, òfìfo. Àkọ́bí mi, mo jókòó sórí ìdọ̀tí igi, mo sì sọ fún ara mi pé mo ti pa ìyàwó mi lẹ́ẹ̀kejì torí ìdánwò tí mi ò ní yege.

Àǹtí rẹ gbọ́ igbe mi, ó sáré wọlé, onígbàjámọ̀ tẹ̀ lé e. Wọ́n ní kí n fọkàn balẹ̀, ẹ̀dà wà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún mi. Àǹtí rẹ ní eruku pákó, onígbàjámọ̀ ní ìdọ̀tí pákó ni, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ìjà. Àǹtí rẹ ní ṣé onígbàjámọ̀ ni yóò wá kọ́ òun ní ohùn ẹ̀gbọ́n òun, ọkùnrin tí kò lè gé irun kó gún. Ibi tí Tíṣà, tó wá wo bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ, bá wa nìyẹn.

Nígbà tó gbọ́ bí mo ṣe ṣe ẹ̀dà, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀ nù. Ó wá bá mi wí pé Ọlọ́run ló yọ mí, pé fúláàṣì ló yẹ kí n kó wọn sí. Ó pa kọ̀ǹpútà náà, ó tún un tàn, ó ní kí n wo bó ṣe ń béèrè ọ̀dọ̀ ọ̀gá tí mo fẹ́ lọ. Orúkọ méjì ló wà níbẹ̀. Ó ní yàrá èkejì ni mo wọ̀ tí mo ń wá ẹni tó wà ní yàrá àkọ́kọ́. Mo yan ti àkọ́kọ́.

Ìyá rẹ ní mo ti tún ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀.

Ó pòṣé, ó rín ẹ̀rín rẹ̀. Mo dìde, mo lọ ti ilẹ̀kùn náà, torí pé lóòótọ́ ló ṣí sílẹ̀.

Tíṣà ti wá ṣe ẹ̀dà gidi sínú fúláàṣì méjì. Ọ̀kan wà lọ́dọ̀ mi, èkejì ni mo há sáàárín pákó fẹ́lẹ́ méjì nínú àpòòwé yìí, kí ó máa bá ọ gbé. Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra fúláàṣì fún àǹtí rẹ, nítorí òun àti onígbàjámọ̀ kò tíì bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ìdánwò ku díẹ̀, bá mi gbàdúrà.

Ibi tí o bá wà, ibẹ̀ yóò gbà ọ́, kò ní lé ẹni tó wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ. Ohun tí o fẹ́ràn kò ní sọnù mọ́ ọ lọ́wọ́. Bí o bá sì ti gbọ́ ohùn ìyá rẹ tán, dìde, lọ wo ilẹ̀kùn rẹ.

Èmi ni bàbá rẹ, káfíńtà, akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìn-ín-ní.