Ọ̀nà tí Makham Ń Mú Mi Gbà

Ojúlé Kẹrin, Ọ̀nà Etí Odò,
Nan, Thailand.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹsàn-án, 2019.

Kamon, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni gbogbo ará Lampang? Ṣé ara ìyàwó rẹ ti mókun? Àwọn ọmọ ńkọ́? Èjìká rẹ tó máa ń dùn ọ́ nígbà òjò ńkọ́, ṣé ó ti jẹ́ kí o sinmi? Ní tèmi, ara ń ṣe bí ara àgbà, ilé sì dákẹ́ rọ́rọ́. Láti ìgbà tí Bunruean ìyàwó mi, ẹ̀gbọ́n rẹ, ti fi mí sílẹ̀ lọ sọ́run, mo máa ń gbọ́ ìró aago yàrá láti ilé ìdáná.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Mo mọ̀ pé Saowanee ọmọ mi ló ní kí o bá mi sọ ọ́: kí n ta ilé, kí n wá máa bá òun gbé ní Bangkok, nínú ilé gogoro tí wọn kì í ti gba ajá láyè. Ìfẹ́ ló mú un sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí nǹkan ṣe rí.

O rántí Makham, ajá dúdú tí ẹ̀gbọ́n rẹ gbé wálé láti tẹ́ńpìlì. Ilẹ̀ kì í mọ́ bá àwọn méjèèjì nínú ilé. Ìwọ náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ ní kí n dìde ká jọ rìn lọ sétí odò, tí mo fi ìwé ìròyìn bojú, tí mo ní èmi kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ ajá. Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ. Kò pè mí mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Mi ò ní àwíjàre kankan, Kamon.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Makham kò yí ìwà padà. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, á máa fi èékánná ha ilẹ̀kùn. Mo ṣílẹ̀kùn fún un kó máa dá lọ, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí. Ni mo bá wọ bàtà.

Òun ló mọ̀nà. Ó dúró ní oríta tí àwọn àlùfáà Búdà máa ń gbà kọjá gba oúnjẹ láàárọ̀. Lọ́jọ́ kejì, mo gbé agbọ̀n ìrẹsì ẹ̀gbọ́n rẹ dání, mo dúró ṣánṣán, mo fẹ́ fi ìrẹsì sínú abọ́ ẹni àkọ́kọ́. Ni Chalao, tó jẹ́ ọ̀gá ilé ìfìwéránṣẹ́ nígbà kan, bá pariwo lẹ́yìn mi:

"Tíṣà! Bàtà yín! Àbí ẹ fẹ́ ga ju àlùfáà lọ ni?"

"Ẹ má bínú, mo gbàgbé ni."

"Ẹ ò gbàgbé jàre. Ìyàwó yín ló ń bá yín ṣe é látọjọ́ yìí. Ajá yín gan-an ò wọ bàtà wá!"

Gbogbo àwọn tó dúró níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní kíláàsì pé ẹni tó bá ń fún àlùfáà lóúnjẹ gbọ́dọ̀ bọ́ bàtà, torí àwọn náà kì í wọ bàtà! Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára.

Láti ibẹ̀, Makham á mú mi lọ sétí odò, sídìí bẹ́ńṣì kan lábẹ́ igi, á sì dùbúlẹ̀. Chalao sọ fún mi pé apá òsì ni ẹ̀gbọ́n rẹ máa ń jókòó sí, pé kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó sí apá ọ̀tún. Apá ọ̀tún ni mo ń jókòó sí báyìí. Apá òsì ló wá ṣófo.

Láàárọ̀ òní, òtútù òjò mú kí ẹsẹ̀ Makham máa ro ó, kò lè dìde. Mo rò pé màá padà sórí ibùsùn. Kí n tó mọ̀, mo ti gbé agbọ̀n ìrẹsì, mo ti wà lójú ọ̀nà. Chalao ní, "Ajá yín dà?" Mo ní ó ń sinmi. Ó ní, "Ó wá rán yín níṣẹ́ nìyẹn!" Mo ti bọ́ bàtà mi kó tó rí nǹkan mìíràn sọ.

Nígbà tí mo padà dé, Makham ti wọ́ ara rẹ̀ dé ẹnu géètì, ó ń retí mi, ó ń ju ìrù. Mi ò lè wọlé bọ̀rọ̀. Gbogbo àárọ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ fi ń ti etí odò bọ̀, mi ò dúró dè é ní géètì yẹn rí.

Bá mi sọ fún Saowanee pé mo dúpẹ́, àmọ́ mi ò lọ. Bí ẹsẹ̀ Makham kò bá gbà á mọ́, màá máa lọ, màá sì máa padà wá bá a.

Bá mi kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ. Bí òjò bá dá, wá kí mi. Ààyè wà lórí bẹ́ńṣì. Wọ bàtà tó rọrùn láti bọ́.

Èmi ni, ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ tó pẹ́ kó tó jí,
Thawin